Omi Kì Í Bẹ̀rù Alágbára: Ìtàn Bí Ọmọ Ènìyàn Ṣe Kọ́ Láti Ri Ohun Ńlá Tó Ń Léfòó

Ní ọjọ́ 17, oṣù kẹfà, ọdún 2024, Ọba Frederik Kẹwàá ti ilẹ̀ Denmark lọ sí Rødbyhavn, ní erékùṣù Lolland, láti ṣe ìfilọ́lẹ̀ ẹyọ àkọ́kọ́ nínú ọ̀nà abẹ́ òkun tí wọ́n ń kọ́ láti ibẹ̀ dé erékùṣù Fehmarn ní ilẹ̀ Jámánì. Kìlómítà 18 ni gígùn ọ̀nà náà. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti ọkọ̀ ojú irin ni yóò jọ máa gba inú rẹ̀. Ìrìn tí ọkọ̀ ojú omi ń fi ìṣẹ́jú 45 rìn yóò di ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré fún ọlọ́kọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi ti ọba àti ti ayẹyẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ká wo ohun tí wọ́n kọ́ náà fúnra rẹ̀. Ẹyọ 89 ni wọn yóò tò mọ́ ara wọn lábẹ́ òkun. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn gùn ní mítà 217, ó fẹ̀ ní mítà 42, ìwúwo rẹ̀ sì lé ní 73,000 tọ́ọ̀nù. Kọnkéré àti irin ni wọ́n fi ṣe é. Síbẹ̀, nítorí pé inú rẹ̀ ṣófo, tí wọ́n sì dí ẹnu rẹ̀ méjèèjì pa, bí omi bá ti yí i ká, yóò léfòó bí igbá. Iṣẹ́ tó kù ló wá le jù: báwo ni a ṣe ń mú ohun tó tóbi tó báyìí, tí omi ti gbà láti gbé, kí a sì tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ òkun láìfọ́, láìyẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ sì bá ẹnu ti iwájú rẹ̀ mu rẹ́gí?

Ìdáhùn ìbéèrè yìí ní ìtàn tó gùn ju 2,000 ọdún lọ. Ohun kan náà ni ìtàn ọ̀hún ń tún sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ipá ri ohun tó ń léfòó yóò bá omi jà, omi kì í sì í rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ bá omi dọ́gba, ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò kù fún un láti fi okùn mú.

Dúrọ́ọ̀mù tó ṣófo

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe le tó, kí ó fọkàn yàwòrán dúrọ́ọ̀mù epo tó ṣófo, irú èyí tó ń gba lítà 200. Irin tí wọ́n fi ṣe é wúwo tó nǹkan bíi kílógíráàmù 20. Bí a bá dé ẹnu rẹ̀ pa, tí a sọ ọ́ sínú odò, díẹ̀ lára rẹ̀ ni yóò wọ inú omi, èyí tó pọ̀ jù yóò wà lókè. Bí a bá fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ wọ inú omi, ó di dandan kí ó lé omi lítà 200 kúrò ní àyè wọn. Lítà omi kan wúwo tó kílógíráàmù kan. Omi tí a lé kúrò ń fẹ́ padà sí àyè rẹ̀, agbára kílógíráàmù 200 ni yóò sì fi máa ti dúrọ́ọ̀mù náà sókè. Bí a bá yọ 20 tí dúrọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ wúwo kúrò, 180 ló kù. Bí géńdé ọkùnrin kan tó wúwo tó kílógíráàmù 70 bá gùn ún, kò ní rì tán. Bí ọkùnrin méjì bá gùn ún, síbẹ̀ kò ní rì tán.

Kì í ṣe lásán ni àwọn àgbà wa ń fi ojúoró àti òṣíbàtà wúre àtilékè. Wọ́n ti rí i pé ohun tí omi bá ti gbé sókè, wàhálà ni yóò jẹ́ fún ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ rì.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣì mú. Wọ́n rò pé bí dúrọ́ọ̀mù náà bá ṣe ń lọ sísàlẹ̀ sí i ni omi yóò ṣe máa tì í sókè sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti wọ inú omi tán, tí kò sì rún, 180 náà ni ní mítà márùn-ún, 180 náà ni ní mítà 50. Fífún tí omi ń fún un láti gbogbo ẹ̀gbẹ́ ni ó ń pọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yàtọ̀ síra, a óò sì rí ìwúlò ìyàtọ̀ náà níwájú.

Ọkùnrin ará Syracuse

Ẹni àkọ́kọ́ tí a mọ̀ tó fi ìṣirò ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí ni Archimedes, ará ìlú Syracuse ní erékùṣù Sicily, tí wọ́n bí ní nǹkan bí ọdún 287 ṣáájú ìbí Kristi. Ìtàn adé wúrà àti ilé ìwẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ̀ ọ́n. Ohun tó kàn wá jù lónìí wà nínú ìwé tí ó kọ nípa àwọn ohun tó ń léfòó. Ó fi hàn níbẹ̀ pé bí a bá fi ipá ti ohun tó fúyẹ́ ju omi lọ wọ inú omi, omi yóò tì í sókè pẹ̀lú agbára tó ṣe déédéé pẹ̀lú ìyàtọ̀ tó wà láàrin ìwúwo ohun náà àti ìwúwo omi tí ó lé kúrò. Ìyàtọ̀ yẹn gan-an ni 180 tí a rí lára dúrọ́ọ̀mù wa.

Archimedes yìí kan náà ni a tún ń sọ ìtàn rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá di ti púlì. Púlì ni kẹ̀kẹ́ kékeré tí okùn ń gba ojú rẹ̀ kọjá, irú èyí tí àwọn ènìyàn ń so kọ́ sókè kànga láti fi fa omi. Plutarch, òǹkọ̀wé tó kọ ìtàn ìgbésí ayé àwọn ènìyàn ńlá, ròyìn pé Archimedes sọ fún Ọba Hiero pé agbára kékeré lè mú kí ẹrù ńlá ṣípò padà. Ọba ní kí ó fi hàn. Wọ́n mú ọkọ̀ ojú omi olópòó mẹ́ta kan tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin fi làálàá wọ́ gun orí ilẹ̀, wọ́n kó èrò àti ẹrù kún inú rẹ̀. Archimedes jókòó sí ọ̀ọ́kán, ó rọra ń fa okùn tó gba inú àwọn púlì, ọkọ̀ náà sì ń yọ̀ bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé ojú omi ló wà.

Ọwọ́ ọkùnrin kan ṣoṣo ni ìmọ̀ méjèèjì wà nígbà náà: bí omi ṣe ń ti nǹkan sókè, àti bí okùn àti kẹ̀kẹ́ ṣe ń pín ẹrù. Ní ọdún 212 ṣáájú ìbí Kristi, nígbà tí àwọn ará Róòmù ṣẹ́gun Syracuse, ọmọ ogun kan pa á. Ìwé rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ. Ìtumọ̀ tí William of Moerbeke ṣe sí èdè Látìn ní ọdún 1269 ni àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Yúróòpù gbára lé fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Ọdún 1906 ni ọ̀mọ̀wé ará Denmark kan, Johan Ludvig Heiberg, tó rí ẹ̀dà ìwé náà ní èdè Gíríìkì gan-an ní ìlú Constantinople, tí a ń pè ní Istanbul lónìí. Àwọn kan ti ha ọ̀rọ̀ Archimedes kúrò lára awọ tí wọ́n kọ ọ́ sí, wọ́n sì ti kọ àdúrà lé e lórí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orúkọ ìlú yìí sọ́kàn. A óò padà síbẹ̀.

Ohun tí púlì lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe

Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn ọkọ̀ Ọba Hiero lè sọ pé ọ̀rọ̀ ti tán: kí a so púlì mọ́ ìsàlẹ̀ odò, kí a fi okùn kan so dúrọ́ọ̀mù, kí okùn náà gba abẹ́ púlì kọjá, kí ó sì padà sókè sí ọwọ́ wa. Bí a bá ń fa okùn sókè, dúrọ́ọ̀mù yóò máa lọ sísàlẹ̀. Òótọ́ ni, yóò lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká béèrè iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń san.

Ẹni tó ń fa okùn yóò fa kílógíráàmù 180. Okùn apá kejì, èyí tó so mọ́ dúrọ́ọ̀mù, ń fa 180 pẹ̀lú. Sókè ni okùn méjèèjì ń fa púlì tó wà nísàlẹ̀, nítorí náà 360 ni ohun tó di púlì náà mọ́lẹ̀ yóò fara dà. Bí òkúta kọnkéré la bá fi di púlì mọ́lẹ̀, omi ń ti òkúta náà sókè pẹ̀lú. Kọnkéré tó wúwo tó ìlọ́po méjì ààbọ̀ omi, tàbí tó dín díẹ̀, máa ń pàdánù nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún ìwúwo rẹ̀ bí ó bá wọ inú omi. Kí ó tó lè di 360 mú, ó gbọ́dọ̀ lé ní kílógíráàmù 600 lórí ilẹ̀. Ẹ gbọ́ ná: torí dúrọ́ọ̀mù kan tó wúwo tó 20, a ń wá òkúta tó lé ní 600!

Ó ṣeé ṣe kí a fi púlì kún púlì. Bí a bá so òmíràn mọ́ dúrọ́ọ̀mù, kí okùn lè di ìlọ́po méjì níbẹ̀, ohun tí ọwọ́ wa ń fà yóò di 90, a óò sì fa okùn ìlọ́po méjì jáde kí dúrọ́ọ̀mù tó lọ sísàlẹ̀ ní mítà kan. Ara yóò tu ọwọ́, ṣùgbọ́n 180 tí omi fi ń tì sókè kò dín. Ìsàlẹ̀ odò ṣì ni yóò ru ú, yóò sì tún ru ohun tí ọwọ́ ń fà mọ́ ọn. Púlì lè pín ẹrù, kò lè pa ẹrù rẹ́.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká ṣí ìdérí dúrọ́ọ̀mù kan náà, ká bu omi lítà 180 sínú rẹ̀, ká sì tún dé e pa. Ìwúwo rẹ̀ di 200. Omi tí ó ń lé kúrò wúwo tó 200. Ìjà ti parí. Ọmọdé lè fi ọwọ́ kan tì í lọ sísàlẹ̀. Bí a bá fi lítà márùn-ún kún un, yóò máa lọ fúnra rẹ̀, okùn tó lè di kílógíráàmù márùn-ún mú sì ti tó láti dá a dúró níbi tó bá wù wá. Ohun tí a bá fi ẹ̀lẹ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára.

Àwọn tó kú lábẹ́ odò Thames

Ó pẹ́ kí àwọn tó ń la ọ̀nà gba abẹ́ odò tó lo ẹ̀kọ́ yìí. Ọ̀nà tí wọ́n kọ́kọ́ tọ̀ ni ti gbígbẹ́. Ní ọdún 1825, Marc Brunel bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ ihò láti Rotherhithe lọ sí Wapping lábẹ́ odò Thames ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ilẹ̀ tó wà láàrin àwọn òṣìṣẹ́ àti odò kò nípọn. Odò ya wọlé bá wọn ní 1827. Ní ọjọ́ 12, oṣù kìíní, ọdún 1828, ó tún ya wọlé, ọkùnrin mẹ́fà sì kú. Díẹ̀ ló kù kí Isambard, ọmọ Brunel, bá wọn lọ. Iṣẹ́ dúró fún ọdún méje. Nígbà tí wọ́n ṣí ọ̀nà náà ní 1843, ọdún 18 ni wọ́n ti fi ṣe ohun tí gígùn rẹ̀ kò tó 400 mítà.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ ríri ohun tó ń léfòó fi ṣe pàtàkì nìyí. Bí a bá lè kọ́ ọ̀nà náà sórí ilẹ̀ gbígbẹ, kí a sì gbé e lọ sí ìsàlẹ̀ odò ní ẹyọ ẹyọ, kò ní sí òṣìṣẹ́ tí yóò máa fi pákó àti ṣọ́bìrì dúró lábẹ́ odò tó fẹ́ ya lù ú.

Láàrin ọdún 1906 sí 1910 ni wọ́n ṣe irú rẹ̀ tó lókìkí ní odò Detroit, tó wà láàrin Amẹ́ríkà àti Kánádà. Kí ó tó dìgbà náà, orí ọkọ̀ ojú omi ni ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Michigan Central ń kó àwọn ọkọ̀ rẹ̀ sọdá, yìnyín sì ń dí odò nígbà òtútù. Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ, tí William J. Wilgus wà lára wọn, gbẹ́ kòtò gbọọrọ sí ìsàlẹ̀ odò. Wọ́n rọ ọ̀pá irin ńláńlá, wọ́n dí ẹnu wọn, wọ́n sì fi ọkọ̀ fà wọ́n gba ojú omi wá. Nígbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá dé ojú kòtò, wọ́n á jẹ́ kí omi wọ inú rẹ̀, àgbá irin tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀ tí wọ́n so mọ́ ọn kò sì ní jẹ́ kí ó já lulẹ̀ lójijì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n da kọnkéré yí i ká lábẹ́ omi. Ọkọ̀ ojú irin ń gba ibẹ̀ kọjá títí di òní.

Bí okùn àti omi ṣe ń pín iṣẹ́

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é lónìí ti yàtọ̀ díẹ̀ sí ti Detroit. Ní ìlú Rotterdam ní Netherlands ni ọ̀nà onígun mẹ́rin tí wọ́n fi kọnkéré ṣe ti kọ́kọ́ gbajúmọ̀ ní Yúróòpù: ẹyọ mẹ́sàn-án ni wọ́n rì sínú odò Maas, wọ́n sì ṣí ọ̀nà náà ní 1942, nígbà tí ogun ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká lo àpẹẹrẹ kan láti fi yé ara wa bí ó ṣe ń rí.

Ká ní ẹyọ kan wúwo tó 40,000 tọ́ọ̀nù. Wọ́n ti ṣe ìṣirò rẹ̀ débi pé ó kàn léfòó ni, orí rẹ̀ ló yọ díẹ̀. Àfikún 400 tọ́ọ̀nù, ìyẹn ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ti tó láti mú kí ó bá omi dọ́gba. Inú ẹyọ náà ni wọ́n kọ́ àwọn àgbá omi sí. Wọ́n á fa 800 tọ́ọ̀nù omi sínú wọn. 400 àkọ́kọ́ pa agbára ìléfòó rẹ̀. 400 kejì di ìwúwo tó ń fà á sísàlẹ̀. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Níbí gan-an ni okùn àti púlì ti di dandan. Nígbà tí ohun kan bá ṣì ń léfòó, ó máa ń tún ara rẹ̀ ṣe: bí a bá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, yóò lé omi púpọ̀ sí i, omi yóò sì dá a padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí orí rẹ̀ bá ti wọ inú omi tán, kò tún sí omi mìíràn tí yóò lé mọ́. Bí ó bá fi kílógíráàmù kan wúwo ju omi lọ, yóò máa lọ títí yóò fi dé ìsàlẹ̀. Bí ó bá fi kílógíráàmù kan fúyẹ́ ju omi lọ, yóò máa bọ̀ títí yóò fi dé òkè. Kò sí agbede méjì. Okùn ló ń dá agbede méjì sílẹ̀.

Nítorí náà ni wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ pẹrẹsẹ méjì dúró lókè ẹyọ náà, tí okùn irin sì ń ti ara wọn sọ̀ kalẹ̀ ní ibi mẹ́rin. 400 tọ́ọ̀nù tí a pín sí mẹ́rin di 100. Bí okùn kọ̀ọ̀kan bá gba inú àwọn púlì lọ bọ̀ nígbà mẹ́wàá, tọ́ọ̀nù mẹ́wàá péré ni ẹ̀rọ tó ń tú okùn yóò máa dì mú, yàtọ̀ sí ohun tí ìfarakanra okùn àti kẹ̀kẹ́ bá mú wá. Bí ìsàlẹ̀ bá jìn ní mítà 30, wọ́n á tú okùn tó gùn ní mítà 300 kí ẹyọ náà tó gúnlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í yá. Ohun tó wúwo tó 40,000 tọ́ọ̀nù ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ tọ́ọ̀nù mẹ́wàá mẹ́rin sọ̀ kalẹ̀, bí ìyá tó ń tẹ́ ọmọ sórí ẹní.

Bí ó bá ti gúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti iwájú rẹ̀, omi náà ló tún ń parí iṣẹ́. Rọ́bà ńlá kan wà yí ẹnu ẹyọ tuntun náà ká. Wọ́n á fà á kí rọ́bà náà kan ẹnu ti iwájú, wọ́n á wá fa omi tó há sí àárín ẹnu méjèèjì kúrò. Ojú ẹsẹ̀ ni omi tó wà lẹ́yìn ẹyọ náà yóò tì í síwájú. Bí ojú ẹ̀yìn rẹ̀ bá fẹ̀ tó 300 mítà onígun mẹ́rin, tí ó sì wà ní jíjìn mítà 20, nǹkan bí 6,000 tọ́ọ̀nù ni omi yóò fi tì í. Kò sí ẹ̀rọ ìfàkun tí yóò fa irú rẹ̀. Fífún tí a sọ nípa rẹ̀ ṣáájú ló di òṣìṣẹ́ tí a kò sanwó fún.

Èbúté tí wọ́n gbé la òkun kọjá

Ogun Àgbáyé Kejì ló fi han gbogbo ayé pé ríri nǹkan ńlá lè pinnu ọjọ́ ọ̀la àwọn orílẹ̀-èdè. Àwọn ọmọ ogun Bírítéènì, Amẹ́ríkà àti àwọn alábàáṣepọ̀ wọn fẹ́ gúnlẹ̀ sí Normandy ní ilẹ̀ Faransé ní oṣù kẹfà ọdún 1944, kò sì sí èbúté tí ọ̀tá kò fi ẹ̀ṣọ́ yí ká. Wọ́n pinnu láti gbé èbúté tiwọn dání. Orúkọ tí wọ́n fún un ni Mulberry. Lára rẹ̀ ni àwọn àpótí kọnkéré tí wọ́n pè ní Phoenix wà. Èyí tó tóbi jù nínú wọn gùn tó mítà 60, ga tó mítà 18, ó sì wúwo tó nǹkan bí 6,000 tọ́ọ̀nù. Ọkọ̀ ni yóò fà wọ́n la òkun kọjá. Bí wọ́n bá débẹ̀, wọ́n á ṣí ojú ihò ara wọn kí omi lè wọlé, wọ́n á sì jókòó sílẹ̀ láti dá ìgbì dúró.

Ríri wọn rọrùn. Mímú wọn padà sókè ni kò rọrùn. Nítorí pé wọ́n fẹ́ tọ́jú wọn pa mọ́ títí ọjọ́ yóò fi pé, wọ́n ti kọ́kọ́ rì wọ́n sí etíkun gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí àkókò ń súnmọ́, wọ́n rí i pé ẹ̀rọ ìfami tí wọ́n ní kò tó láti fa omi inú wọn jáde. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Churchill fúnra rẹ̀, wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà lé àwọn ọmọ ogun ojú omi lọ́wọ́, àwọn tó mọ bí a ṣe ń yọ ọkọ̀ tó rì. Omi tó wọlé lófẹ̀ẹ́ kì í jáde lófẹ̀ẹ́.

Nígbà tó di ọjọ́ 19, oṣù náà, ìjì ńlá kan jà fún ọjọ́ mélòó kan. Ó fọ́ èbúté tí àwọn ará Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ ní Omaha pátápátá. Ti Bírítéènì tó wà ní Arromanches bàjẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó dúró. Àwókù àwọn àpótí náà ṣì wà nínú omi níbẹ̀ títí di òní, ẹni tó bá dé etíkun yóò fojú rí wọn.

Istanbul, ìlú tí ìwé náà ti jáde

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìlú tí a ní kí ẹ fi sọ́kàn. Ní Istanbul, omi Bosphorus ló pín ìlú sí méjì, apá kan ní Yúróòpù, apá kejì ní Éṣíà. Omi ibẹ̀ ṣòro í bá ṣe: èyí tó wà lókè ń ṣàn láti Òkun Dúdú lọ sí gúúsù, èyí tó wà nísàlẹ̀ sì ń ṣàn padà sí àríwá. Ohun tí a bá ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ yóò kọ́kọ́ bá ìṣàn kan pàdé, yóò sì tún bá òdì rẹ̀ pàdé kí ó tó gúnlẹ̀. Ẹyọ 11 ni wọ́n rì síbẹ̀ fún ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tí a ń pè ní Marmaray, ọdún 2008 sì ni wọ́n rì èyí tó gbẹ̀yìn. Ibi tó jìn jù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 60. Ní irú jíjìn bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 60 tọ́ọ̀nù ni omi fi ń tẹ ìwọ̀n mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan.

Iṣẹ́ náà pẹ́ ju bí wọ́n ti rò lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú ohun tó dá wọn dúró pẹ́ kì í ṣe omi. Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ ibùdókọ̀ Yenikapı, èbúté àtijọ́ ni wọ́n bá níbẹ̀, wọ́n sì wú ọkọ̀ ojú omi 37 jáde, tí wọ́n ti wà níbẹ̀ láti ayé Byzantium. Ọjọ́ 29, oṣù kẹwàá, ọdún 2013 ni wọ́n ṣí ọ̀nà náà. Nínú ìlú tí Heiberg ti ka ọ̀rọ̀ Archimedes lábẹ́ ọ̀rọ̀ àdúrà, òfin tó wà nínú ìwé yẹn gan-an ni wọ́n fi tẹ́ ọ̀nà sí abẹ́ òkun ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà.

Ṣé kò wá sí ẹni tó fi okùn fa ohun tó ń léfòó sísàlẹ̀?

Ó wà, ó sì yẹ ká gbọ́ bí wọ́n ṣe ṣe é. Ní ọdún 1984, wọ́n gbé pèpéle kan dúró sórí òkun ní ibi ìwapo Hutton ní Òkun Àríwá, níbi tí omi ti jìn tó nǹkan bí 147 mítà. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ayé. Pèpéle náà ń léfòó, ọ̀pá irin tí wọ́n kàn mọ́ ìsàlẹ̀ òkun ló sì ń dì í mú kí ó má baà lọ sókè. Ìjà tí a sọ pé kò dára yẹn gan-an ni wọ́n sọ di ọgbọ́n: nítorí pé omi kò yéé tì í sókè, tí ọ̀pá kò sì yéé fà á sísàlẹ̀, ìgbì kò lè mú kí ó máa fò sókè sódò.

Kí ni wọ́n fi fà á sísàlẹ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́ so ó? Wọn kò fà á. Omi ni wọ́n jẹ́ kí ó wọ inú àgbá rẹ̀ títí ó fi lọ sísàlẹ̀ tó bí wọ́n ṣe fẹ́. Wọ́n so ọ̀pá mọ́ ọn, wọ́n sì fa omi náà jáde. Omi òkun fúnra rẹ̀ ló wá tì í sókè tí gbogbo ọ̀pá fi le dan-in. Àní níbi tí wọ́n ti fẹ́ kí okùn bá omi jà, omi ni wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀ lọ́wẹ̀.

Omi kì í gbàgbé

Ọ̀rọ̀ ò tíì parí nígbà tí ẹyọ kan bá gúnlẹ̀. Omi tó wà nínú àgbá rẹ̀ ló ń mú un mọ́lẹ̀, wọn yóò sì ní láti kó àgbá náà kúrò kí ọkọ̀ lè ráyè kọjá. Bí wọ́n bá fa omi náà jáde láìfi ohun mìíràn rọ́pò rẹ̀, ẹyọ náà yóò tún di igbá, yóò sì fẹ́ padà sókè. Nítorí náà ni wọ́n fi ń da kọnkéré sí ìsàlẹ̀ inú rẹ̀ bí wọ́n ti ń fa omi jáde, tí wọ́n sì ń fi iyanrìn àti òkúta bo ẹ̀gbẹ́ àti orí rẹ̀. Ìṣirò náà gbọ́dọ̀ pé lọ́jọ́ gbogbo, kì í ṣe lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀ nìkan. Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀nà náà bá wà, ó gbọ́dọ̀ wúwo ju omi tí ó gba ipò rẹ̀ lọ.

Àwọn ọkùnrin mẹ́fà tó kú lábẹ́ odò Thames kò kú nítorí pé wọ́n jẹ́ ọ̀lẹ tàbí ojo. Agbára àti ìgboyà wọn kò kéré. Àárín àwọn àti odò ni ìmọ̀ kò tíì dé. Lónìí, awakọ̀ tó gba abẹ́ Bosphorus tàbí abẹ́ odò Detroit kọjá kò mọ̀ pé òun wà nínú ohun tó ti léfòó rí. Ó ń wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ ní tirẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, omi ṣì ń ti ọ̀nà náà sókè, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe láti ọjọ́ tí wọ́n ti tẹ́ ẹ síbẹ̀, ìwọ̀nba ìwúwo tí àwọn oníṣirò fi kún un ló sì ń sọ fún omi náà pé kò tíì tó àkókò.